Àwọ̀n Ọkọ Wa Lábẹ́ Pákó

Àtàláátà, 6 oṣù Karùn-ún, 1986

Náírà márùnlélọ́gọ́ta. Owó oníṣègùn eegun tí Rùkáyàt san ní Ẹ̀pẹ́ lórí ìbàdí ìyá rẹ̀, ìyálé mi, mo ti dá a padà lónìí, kò ku kọ́bọ̀. Tájù tó ń wa mọ́tò ẹja ni mo kà á fún lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí òun náà kà á fún mi kó tó ṣáná sí mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Aláwọ̀n, ẹ kúkú tẹ̀lé owó yín lọ."

Ó wá ku kí n kí ìwé yìí. Káàárọ̀ o, ìwé. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mú ọ, láàárín àwọn tí mo fi ń kọ orúkọ apẹja tó ń ra àwọ̀n àti òwú láwìn. Náírà kan lé ogún kọ́bọ̀ ni mo rà ọ́, nítorí náà mi ò ní kọ òfìfo sínú rẹ. Láti ọdún tó kọjá, kò sí ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí mọ́. Ìdí tí mo fi mú ọ nìyẹn.

Òjò ń ṣú lápá ọ̀sà. Ilẹ̀ yàrá ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Jímọ̀, 9

Tájù ti Ẹ̀pẹ́ dé. Ó gbé owó mi padà wá, náírà márùnlélọ́gọ́ta géérégé, nínú àpò ìwé kan náà tí mo fi dì í. Ó ní Rùkáyàt ní kí òun wí báyìí pé: "Ìyá mi ní kì í ṣe owó ni wọ́n jẹ àwọn."

Mo ní kí ni mo wá jẹ. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rùkáyàt yìí, ẹ̀yìn mi ló fi ṣe ilé. Ìyálé ló bí i, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, nítorí àwọn tí èmi bí kò dúró. "Ìyá kékeré" ló ń pè mí títí ó fi di tíṣà. Báyìí, "wọ́n" ni mo dà lẹ́nu rẹ̀.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Bí kì í bá ṣe owó, ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí ọkọ wa kú, èmi ni mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dán yàrá ńlá tí èmi àti Ìyálé jọ ń sùn. Èmi ni mo ń fi pọ́líìṣì pupa kùn ún ní Sátidé sí Sátidé, títí ó fi ń dán bí ẹyin ojú. Ìyálé sọ nígbà yẹn, wọ́n ní, "Ilẹ̀ yìí ń wo ènìyàn lójú jù." Èmi rò pé ìlara ni. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá dé, sìmẹ́ńtì làágùn, wọ́n yọ̀ ṣubú, eegun ìbàdí ṣẹ́. Rùkáyàt wá gbé wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ nínú mọ́tò ẹja.

Ilẹ̀ ni mo jẹ wọ́n. Ó dáa. Màá san ilẹ̀.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Àtìní, 12

Mo dé Ìkátẹ̀ lónìí. Àwọn kọ́ńpìnì tó ṣe títì ń tú káńpù wọn, wọ́n ń ta gbogbo ohun tó wà nínú ilé òyìnbó. Dúró ni ọlọ́dẹ ibẹ̀, bàbá rẹ̀ máa ń ra ìwọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó mú mi wọ ilé ọ̀gá wọn, ó ní kí n bọ́ bàtà.

Òjò ń rọ̀ lóde, odindi òjò. Ilẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ lé gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abẹ́ adìẹ tó sàba. Pákó ni láti ògiri dé ògiri. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, kò yọ̀. Mo ní kí Dúró fi ìṣó rẹ̀ hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé pákó ẹ̀gbẹ́ ògiri sókè bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

"Kò níṣó, Màmá. Akọ ẹ̀gbẹ́ pákó kan wọ inú abo èkejì, wọ́n di ara wọn mú, ilẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ lábẹ́. Ó léfòó ni."

Lábẹ́ rẹ̀ náílọ́ọ̀nù dúdú wà, lórí náílọ́ọ̀nù náà ni nǹkan kan tó nípọn, àwọ̀ ilẹ̀, tó rọ̀ bí ara búrẹ́dì, tó ti fàya tán. Dúró kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní èyíinì kò ṣeé tà, kí n lọ wá ohun tèmi, ṣùgbọ́n kí n má fi ojú kékeré wo ohun abẹ́ o, torí bí ohun abẹ́ kò bá dáa, owó pákó ti wọmi. Mo tún rí i pé àlàfo ìka kan wà láàárín pákó àti ògiri yíká, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bò. Mo ní òyìnbó náà gé pákó kúrú. Dúró ní òun ò bá wọn wọ̀n ọ́n.

Ọgbọ̀n pákó. Ó pe náírà méje, mo pe mẹ́ta. Mo yíjú pa dà, mo dé ẹnu géètì kó tó pè mí. Náírà mẹ́rin àbọ̀ ni ọ̀kan, náírà márùndínlógóje lápapọ̀. Mo gba rìsíìtì kọ́ńpìnì, mo kà á tán kí n tó sanwó.

Àlàrùbá, 14

Pákó ti dé. Mo tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ku ohun abẹ́.

Mo ti bi gbogbo ẹni tó yẹ kí n bi ní Ajah, ohùn wọn ò dọ́gba. Ọ̀kan ní fẹ́ẹ̀tì ọlọ́dà tí wọ́n ń tẹ́ sórí ilé, náírà méjìdínlógójì ni róòlù kan, méjì ni yàrá máa gbà. Ọ̀kan ní fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gé pẹlẹbẹ. Ọ̀kan ní lẹ́búlẹ́bú igi, ọ̀fẹ́ ni ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Mo ní kí ó máa gbé ikán wá fún ara rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n tẹ́ ẹní, ṣé kì í ṣe orí ẹní ni gbogbo wa ti dàgbà ni. Gbogbo wọn ló sọ ohun tí wọ́n ń tà.

Mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni. Mo gé náílọ́ọ̀nù dúdú sí mẹ́rin, mo tẹ́ wọn sórí sìmẹ́ńtì níbi tí Ìyálé ti ṣubú gan-an, torí ibẹ̀ ló ń làágùn jù. Mo gbé fẹ́ẹ̀tì díẹ̀ lé ìkíní, fóòmù lé ìkejì, ẹní lé ìkẹta. Kí ìkẹrin má baà wà lásán, mo ká àkísà àwọ̀n kan láti ṣọ́ọ̀bù lé e ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo fi àjákù pákó bò wọ́n, mo gbé búlọ́ọ̀kù lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo dá fún wọn.

Jímọ̀, 23

Mo ṣí wọn lẹ́yìn àsùbá.

Fóòmù mumi, mo fún un bí aṣọ. Ẹní ti bu, ó funfun lábẹ́. Fẹ́ẹ̀tì gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, òórùn rẹ̀ sì gba yàrá. Ìyálé kì í fẹ́ òórùn ọ̀dà. Ìgbà tí wọ́n ń kun ọkọ̀ ọkọ wa, ilé ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n máa ń lọ.

Mo gbé búlọ́ọ̀kù ìkẹrin. Abẹ́ pákó gbẹ táútáú. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú àwọ̀n kọjá. Mo dúró lórí àjákù náà, ó rọ̀ mí lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ó sì tún dìde. Ogójì ọdún ni mo ti ń ta àwọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan á bá mi rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 24

Ìdì àwọ̀n mẹ́fà ni yàrá máa gbà bí a bá ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po mẹ́ta. Ní iye tí mo ń rà á, náírà igba ó lé mẹ́rìnlélógójì. Pákó fúnra rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé ṣe.

Àtàláátà, 27

Láti Sátidé ni mo ti mọ̀, mi ò kàn fẹ́ kọ ọ́ ni.

Àwọ̀n ọkọ wa wà lókè àjà, ọdún mẹ́fà. Àwọ̀n ńlá ni, náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé, ọkùnrin mẹ́fà ló máa ń fà á. Òfin rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan àwọ̀n òun, ì báà ṣe ẹsẹ̀ adìẹ. Ó ti torí rẹ̀ lé àlejò jáde láìjẹun rí. Nígbà tó kú, àwọn apẹja Lángbàsà wá dúnàádúrà rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ. Ìyálé ní rárá. Èmi náà ní rárá. Ohun àkọ́kọ́ tí ohùn wa pa pọ̀ lé lórí láàárín ogún ọdún nìyẹn. A bá ara wa ṣàdéhùn pé ẹnìkan nínú wa kò ní tà á tàbí fi í tọrẹ láìsí ẹnìkejì.

A kò sọ pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé àwáwí nìyẹn.

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ń gé òjé ara rẹ̀ tó máa ń fà á rì sómi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń jù ú sínú agolo mílíìkì. Igba ó lé mẹ́rìnlá. Bí mo ṣe ń tú u, òórùn iyọ̀ àti èéfín ń jáde nínú rẹ̀, bíi pé àná ni wọ́n sá a. Mi ò retí ìyẹn. Mi ò ṣe nǹkan mìíràn mọ́ títí ìrun alásàrì.

Sátidé, 31

Káfíńtà mẹ́ta ni mo ti bá sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn fẹ́ kàn án. Mo ní ìṣó máa lu náílọ́ọ̀nù, omi á gba ojú ihò wá. Èyí tó kẹ́yìn di ìkúùkù mọ́ ìbàdí, ó ní, "Màmá, bí mo bá tẹ́ pákó tí mi ò kàn án, èmi gan-an ni màá tẹ́ o." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo bá lọ sí etí ọ̀sà lọ bá Mọ́rúfù tó ń kan ọkọ̀. Kò tíì tẹ́ ilẹ̀ rí láyé rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro, pé ọkọ̀ tí wọ́n bá so pinpin mọ́ èbúté lomi ń rì, èyí tó bá ní àyè a bá omi gòkè, a sì bá omi sọ̀. Náírà mẹ́wàá lójúmọ́, ọjọ́ méjì. Mo ní mẹ́jọ. Ó ní òun ń gbààwẹ̀, òun ò lágbára àríyànjiyàn. Mo gbà fún mẹ́wàá.

Àlàrùbá, 4 oṣù Kẹfà

Ó ti parí.

Náílọ́ọ̀nù la kọ́kọ́ tẹ́, a jẹ́ kó gun ògiri díẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà, àwọ̀n. Mọ́rúfù dá àwọ̀n náà mọ̀ bó ṣe rí i, torí òun ló kan ọkọ̀ tó ń bá a rìn. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé Ìyálé yín gbọ́ sí i?" Mo ní kó máa báṣẹ́ lọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi orúnkún rìn lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo rí i.

Akọ wọ abo, tó bá ṣe díẹ̀ ó fi òòlù onígi gbá a kó wọlé dáadáa. Lónìí mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán, nígbà tí mo dé, ó ti ṣe mí lóore kan tí mi ò bẹ̀ ẹ́: ó fi irun èèpo àgbọn dí gbogbo àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri yíká, ó fi ọ̀dà dúdú lẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń dí ojú ọkọ̀. Ó ní èkúté kò ní ríbi gbà, omi kò ní ríbi gbà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò séyìí tó yà. Òórùn ọ̀dà náà kò pọ̀, á fẹ́ lọ. Mo fi náírà márùn-ún kún owó rẹ̀.

Pákó ₦135, náílọ́ọ̀nù ₦16, mọ́tò ₦12, Mọ́rúfù ₦25. Àwọ̀n, mi ò mọ iye tí màá kọ.

Àtìní, 9

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò wá, mo fún wọn ní ìrẹsì, wọ́n lọ.

Mo ń rìn nínú yàrá tuntun láìwọ bàtà. Pákó náà ní ohùn. Kì í ṣe kò-kò-kò bí ti òyìnbó. Àwọ̀n ti jẹ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tó kù jọ ẹsẹ̀ ẹnìkan nínú yàrá kejì. Bí mo bá dúró, á ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i kó tó dákẹ́. Ní ọ̀sán yìí mo ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ta nìyẹn.

Mi ò tíì sọ fún Ẹ̀pẹ́ pé mo tẹ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ kí òjò ńlá kọjá lórí rẹ̀ ná.

Jímọ̀, 20

Tájù mú iṣẹ́ wá. Rùkáyàt ní kí n di àpótí Ìyálé, kí n fi ẹní ìkírun wọn àti ìkòkò ọbẹ̀ wọn kékeré kún un, kí Tájù gbé e bọ̀ kó tó di Iléyá. Ó ti ń wá yàrá kan fún ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ aṣọ nìkan ni, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Ìkòkò ni wọ́n béèrè. Ẹni tó bá kó ìkòkò rẹ̀ lọ kì í padà wá.

Mo ní àpótí ń bẹ lábẹ́ ẹrù, kí ó fún mi láyè. Irọ́ ni. Orí pákó tuntun níbẹ̀ yẹn ló wà, mò ń wò ó bí mo ti ń kọ èyí.

Àlàmísì, 3 oṣù Keje

Òjò láti Àìkú. Títì Ajah ti di odò. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ gbẹ.

Àtàláátà, 8

Ilẹ̀ ti gbé ẹ̀yìn.

Mo jí, mo rí i pé àpótí Ìyálé dẹ̀gbẹ́. Láàárín yàrá, pákó ti wú, ó ga tó ìka mẹ́rin, ó rí bí ẹ̀yìn àgbà tó ń fọ́ igi. Mo dúró lé e lórí, ó lọ sílẹ̀, ó tún gòkè padà. Mo fi ọwọ́ kan abẹ́ níbi tí akọ ti fẹ́ yọ nínú abo: gbígbẹ ni. Kì í ṣe omi abẹ́. Kí ló wá ṣe é?

Mo jókòó sórí àpótí náà. Mo rò ó pé bóyá ẹsẹ̀ tí mo fi tẹ àwọ̀n ọkọ wa ni. Lójú òòrùn mi ò lè rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òòrùn ò sí.

Àlàmísì, 10

Mọ́rúfù wá. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó ní àfi kí a kàn án mọ́lẹ̀. Mo ní láéláé.

Ìgbà yẹn ni mo rántí àlàfo ìka kan nílé òyìnbó. Mo bi Mọ́rúfù pé ọkọ̀ tuntun, bí wọ́n bá kọ́kọ́ tì í sómi, kí ní ń ṣe é. Ó ní ó máa ń mumi, á sì wú, ìdí tí wọ́n fi máa ń fi àyè sílẹ̀ ní... Ó wo ẹ̀gbẹ́ ògiri tó fi ọ̀dà dí. Igi náà ti ń mu ọ̀rinrin láti ojú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ọjọ́ òjò yìí, ó fẹ́ nà, ògiri lápá ọ̀tún, ògiri lápá òsì, ọ̀dà láàárín. Òkè nìkan ló kù tó lè gbà.

"Ìyá Aláwọ̀n," ó ní, "ọwọ́ ara mi ni mo fi dí i lọ́nà."

Mo ní èmi náà ni mo fi náírà márùn-ún kún un. A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀dà àti irun àgbọn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀dà náà ti le. Ọ̀bẹ yọ̀, ó gé e ní àtàǹpàkò.

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Mọ́rúfù, pẹ̀lẹ́." Ẹ̀jẹ̀ ò tíì jáde nígbà tí mo ti sọ ọ́. Mo mú aṣọ, mo dì í, mo ń sọ pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Èmi kọ́ ni mo mú ọ̀bẹ náà. A máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lójú títì tí a kò mọ̀ rí.

Mo dúró níbẹ̀ tèmi ti àkísà lọ́wọ́.

Mo ní láti kọ ọ́ síbí, torí ìwé yìí kò ní wò mí lójú. Lọ́jọ́ tí Ìyálé ṣubú, wọ́n wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún yí síta, wọ́n gbójú sókè wò mí. Ohun tí mo sọ ni: "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ò rí i pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni?" Ilẹ̀ mi ni mo ń bá kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà mo pe àwọn ènìyàn, mo wá mọ́tò, mo ká aṣọ wọn, mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Mi ò sọ pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ kejì, ìgbà tí Rùkáyàt wá gbé wọn, títí di òní yìí.

Kì í ṣe owó. Kì í ṣe ilẹ̀ náà.

Àtìní, 14

Àlàfo ìka kan yíká. Mọ́rúfù kò gba owó. Mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bo àlàfo náà, mo kan igi ọ̀hún mọ́ ògiri, kò kan pákó. Ẹ̀yìn ilẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo mú òjé kan nínú agolo, èyí tó yí roboto jù, mo gbé e sáàárín yàrá. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo gbé e padà. Ó yí lọ.

Àlàmísì, 17

Ó ṣì ń yí, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra.

Àtàláátà, 22

Òjé dúró.

Jímọ̀, 25

Tájù tún béèrè àpótí. Ó ní Rùkáyàt ní òun ti san àsansílẹ̀ yàrá náà. Mo ní kí ó kí wọn. Ó ní, "Ṣé kí n kí wọn nìkan ni, Ìyá?" Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi fúnra mi ni màá kọ ìwé.

Owó tí wọ́n dá padà ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Mi ò ná an.

Sọ́ńdè, 3 oṣù Kẹjọ

Mo kọ ọ́, mo ya á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ṣé àlàáfíà ni ẹ wà, ìwọ̀n owó tí mo ná ló sì tẹ̀lé e.

Àtàláátà, 5

Mo fi í lé Tájù lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Mo dà á kọ síbí kí n lè mọ ohun tí mo sọ:

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyálé mi. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló ti pẹ́. Mo rí yín nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo sọ. Rùkáyàt, kà á fún wọn lẹ́ẹ̀kejì kí o tó máa lọ.

"Ṣé dáadáa lẹ wà? Ara ń kọ́? Ìbàdí ń kọ́?

"Mo ti tẹ́ pákó sí yàrá wa. Kò yọ̀, kò làágùn, ẹ lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ nínú òjò. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀n ọkọ wa. Mi ò bi yín kí n tó tẹ́ ẹ, mo sì mọ ohun tí a jọ sọ. Mọ́rúfù kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èmi náà kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tààrà, orí pákó ni mo ń rìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òjé rẹ̀ pé, igba ó lé mẹ́rìnlá, mo tọ́jú wọn sínú agolo.

"Ilẹ̀ náà kò níṣó. Bí ẹ bá ní kí a yọ àwọ̀n kúrò, àárọ̀ ọjọ́ kan ni, a ó gbé pákó, a ó sì gbé e padà sókè àjà. Bí ẹ bá ní kó wà níbẹ̀, á wà níbẹ̀. Àpótí yín wà nínú yàrá, mi ò tíì dì í. Ìkòkò yín wà lórí àdògán. Bí ẹ bá ní kí n kó wọn wá, màá kó wọn wá fúnra mi, kí n lè sọ èyí tí mo kọ sókè yìí lójú yín.

"Ìyàwó yín, Sàídátù."

Mo gbé òjé kan lé e nínú àpò ìwé náà, kí wọ́n lè dì í mú lọ́wọ́. Tájù mì í, ó ní ó wúwo fún lẹ́tà, mo ní kó má ṣí i.

Mo ti wá gbá yàrá báyìí. Mo rìn dé ojú fèrèsé, mo dúró. Ilẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i lẹ́yìn mi, ó dákẹ́. Mi ò béèrè pé ta ni.

Ọ̀la, Tájù á wà ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀túnla, á ra ẹja. Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, lẹ́yìn ìrun, ni mo ń retí èsì.